Ṣebí omi ló wà nínú ẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ló pọ̀, náìtì ni mò ń ṣe látìgbà tí oṣù ti mú, tí mo bá sì délé láàárọ̀ oorun ni mo máa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí ní Tọ́sìdeè tó kọjá ò jẹ́ kí n sinmi, àfi kí n kọ ọ́.

Àwa mẹ́rin la lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì kan lápá Ọ̀dà níbí l'Ákùrẹ́. Háósì ọ́físà méjì, ìyẹn àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, dókítà eléyín kan, èmi nọ́ọ̀sì wá ṣe ẹ̀kẹrin wọn. Pirinsípà ilé ìwé náà ló ránṣẹ́ sí wa, ó ní ká wá bá àwọn ọmọ SS1 àti SS2 sọ̀rọ̀ sìgá àti vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, torí pé wọ́n bá nǹkan kan nínú báàgì ọmọ kan, tíṣà tó rí i kọ́kọ́ rò pé máákà tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù ni, ó fẹ́ fi kọ̀wé, kò kọ, ló bá gbé e sún mọ́mú, ó ń rùn bíi máńgòrò. Tíṣà yẹn kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ o, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọmọ, kò rí irú ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ká má bú àwọn òbí tí ò mọ̀. Nǹkan yìí ò jọ sìgá tá a mọ̀.

Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tọ́rọ̀ èéfín fi máa ń dùn mí dọ́kàn. Bàbá mi ní àbúrò kan, Bàbá Kékeré la máa ń pè é. Awakọ̀ ni, kòkó ló máa ń kó láti Ìdànrè wá s'Ákùrẹ́ láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin gíga, tó bá ń rẹ́rìn-ín wọ́n máa gbọ́ ọ ní ilé kẹta. Sìgá ò kúrò létè ẹ̀. Tó bá ní ká lọ ra sìgá wá, sáré la máa ń sá, torí pé àwa la ni ṣéńjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, èmi ni mò ń lọ ra nǹkan tó pa á wá fún un. Nígbà tó fi máa pé ọgọ́ta ọdún, kò lè rìn láti yàrá dé balùwẹ̀ kó má dúró lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, orí àga ló ń sùn, á gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì, á na ọrùn síwájú, èjìká ẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gun Òkè Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ló jókòó sí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló ti bàjẹ́, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà nínú ẹ̀ ti ya wọnú ara wọn, afẹ́fẹ́ á wọlé, kò ní rọ́nà jáde dáadáa. COPD lorúkọ tí àwa onísègùn ń pè é. Ọdún mẹ́rin ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn, ó ní, "fèrèsé yẹn, ṣé ó ṣí?" Ó ṣí. Gbogbo fèrèsé ilé ló ṣí.

Torí ẹ̀ ni, tí wọ́n bá ti ní ta ló máa lọ sí ilé ìwé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, lọ́dún tó kọjá a lọ sí ilé ìwé kan, a ò ṣe é dáa rárá. A gbé projẹ́tọ̀ lọ, a kó fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró dúdú àti ẹnu tó ti jẹrà síbẹ̀, dókítà kan dúró fún wákàtí kan gbáko ó ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wọn, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe báyìí, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe tọ̀hún. Nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ jáde àwọn ọmọ pariwo "yéè!", nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹta wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn ti sùn lọ. A pín bébà, a ya fọ́tò, a wọ mọ́tò. Bá a ṣe yọ sí géètì báyìí mo rí mẹ́ta nínú wọn nídìí ìsọ̀ kan lódìkejì títì, ọkùnrin tó ń tajà ń bá wọn ṣáná sí sìgá ẹyọ kan, wọ́n ń fà á yí ká láàárín ara wọn. Bébà tá a fún wọn wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀kan níbẹ̀, mo rí i. Mi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọsibítù.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún oṣù mélòó kan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò bẹ̀rù ohun tó máa mú un ní ọgọ́ta ọdún, ọgọ́ta ọdún jìnnà sí i ju ìlú òyìnbó lọ. Tó o bá fẹ́ kó gbọ́, ohun tó ń ṣe é lónìí ni kó o bá a sọ, kó o sì jẹ́ kóun náà sọ̀rọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí a fi projẹ́tọ̀ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè mo jáde nítòsí ilé, mo lọ ra sìgá mẹ́ta. Mi ò tíì ra sìgá látìgbà tí Bàbá Kékeré ti ń rán mi, ara mi ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ẹni tó tà á fún mi ò tiẹ̀ wojú mi, ó ń yọ ọ́ jáde nínú páálí lẹ́yọ lẹ́yọ, ọmọkùnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn mi, ó ń dúró kó kàn án. Bẹ́ẹ̀ òfin wà o. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, ó tún sọ pé wọn ò gbọdọ̀ tà á lẹ́yọ, odindi páálí ni, ẹyọ tó wà nínú páálí ò sì gbọdọ̀ dín ní 20. Èmi mọ ìdí tí wọ́n fi fi ti ẹyọ yẹn kún un, owó tí ìyá fún ọmọ pé kó fi jẹun ní ilé ìwé máa ra sìgá ẹyọ kan, kò lè ra páálí. Gbogbo wa là ń kọjá níwájú ìsọ̀ wọ̀nyí lójoojúmọ́, láti Ọjà Ọba títí dé Alágbàká, ta ló ń sọ̀rọ̀? Èmi náà tí mo lọ rà, mi ò sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo délé, mo wá ike omi kan, mo ki òwú funfun tá a fi ń nu egbò sínú ẹ̀, mo lu ìdérí ẹ̀ níhò, mo fi ìdí sìgá bọ ihò náà, mo ṣáná sí i lẹ́yìnkùlé. Tó o bá fún ike yẹn mọ́wọ́ tó o wá dẹwọ́, á fa èéfín wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń fà á. Sìgá àkọ́kọ́ ò tíì jó dé ìdajì tí òwú fi di àwọ̀ tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Nígbà tí ẹ̀kẹta jó tán ó ti di àwọ̀ àmàlà, mo fọwọ́ kàn án, ó ń lẹ̀ mọ́ mi níka, mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ẹ̀ ò lọ, mo sùn pẹ̀lú ẹ̀ ni. Mo dé ike náà pa, torí mi ò fẹ́ ṣáná sí sìgá nínú ọgbà ilé ìwé, òfin kan náà yẹn ò gbà á.

Nígbà tá a dé ọ̀hún, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbé ike náà fún ọmọ tó jókòó síwájú, mo ní kó wò ó, kó gbé e fún ẹnì kejì. Ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Họ́ọ̀lù tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn bí ike yẹn ṣe ń lọ. Ẹnì kan bi mí pé páálí mélòó ni, mo ní ẹyọ mẹ́ta péré. Dókítà wá sọ fún wọn pé kẹ́míkà tó wà nínú èéfín yẹn ju 7,000 lọ, àwọn bíi 70 nínú ẹ̀ ló lè fa jẹjẹrẹ, gbólóhùn kan péré ló fi sọ ọ́, ó sì fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn a ní kí wọ́n dìde. Mo kọ́kọ́ bèèrè ta ló ní ásímà, àwọn mẹ́rin jókòó padà. Àwọn tó kù fò sókè nígbà ogún, a wá fún wọn ní sítírọ́ọ̀ tó tín-ín-rín, a ní kí wọ́n di imú, kí wọ́n máa fi sítírọ́ọ̀ nìkan mí. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń ṣe síráíkà nínú bọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn ló fẹ́ fi hàn pé òun le, ó na ọrùn síwájú, èjìká ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bí mo ṣe rí Bàbá Kékeré lórí àga yẹn náà ni mo ṣe rí ọmọ yìí.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè yẹn ló sì ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó kọ́kọ́ nawọ́ ní, "Dókítà, sìgá yé wa, ṣùgbọ́n ti vape yẹn, ṣebí omi ló wà nínú ẹ̀?" Gbogbo họ́ọ̀lù ló pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Pirinsípà ti fún wa ní èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo gbé e dání. Kò gùn ju ìka mi lọ, ó fúyẹ́, àwọ̀ òféèfé, iná kékeré kan wà nídìí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ rí pẹlẹbẹ bíi ti fèrè. Ká ní wọ́n tò ó mọ́ nǹkan ìṣeré lọ́jà, màá rà á fún ọmọ. Dókítà sọ fún wọn pé kò sí omi tó ń ṣe báyẹn, pé bátìrì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú wáyà kékeré kan tó ń gbóná, àti òwú tí wọ́n rẹ sínú oje kan. Oje yẹn ló ń di ìkùukùu. Ohun tó wà nínú oje náà ni kẹ́míkà bíi propylene glycol àti glycerin, adùn tó ń jẹ́ kó máa ta sánsán, àti nikotíìnì, ohun tó wà nínú tábà tó máa ń di bárakú. Tí oje yẹn bá gbóná, ó lè di formaldehyde, ìyẹn gan-an ló wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì kó má bàjẹ́, wọ́n sì ti bá irin bíi nickel àti òjé nínú ìkùukùu yẹn, láti ara wáyà tó ń gbóná ni.

Ọmọbìnrin kan dìde, ó gbọ́n o, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní ṣebí adùn kan náà ni wọ́n ń fi sínú súìtì àti bisikíìtì, a sì ń jẹ ẹ́. Dókítà kejì ló dá a lóhùn. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Missouri, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gúgúrú oníbọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀, èémí ò dé ọ̀fun wọn mọ́, nígbà tí wọ́n máa wádìí ẹ̀ diacetyl ló fà á, nǹkan tó ń jẹ́ kí gúgúrú máa ta sánsán bíi bọ́tà. Ẹni tó ń jẹ gúgúrú ò ṣàìsàn, ẹni tó ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ sínú níbi iṣẹ́ ló ń ṣàìsàn. Wọ́n sì ti bá diacetyl yẹn nínú oje vape kan. Ó ní inú mọ bá a ṣe ń lọ oúnjẹ, ẹ̀dọ̀fóró ò mọ̀ ọ́n, afẹ́fẹ́ nìkan ló mọ̀. Ọmọ yẹn rọra jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀.

Èyí tí mo mọyì jù nínú àwọn dókítà méjèèjì ni pé wọn ò parọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé vape sàn ju sìgá lọ. Dókítà ní òótọ́ ni pé májèlé tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀ tó ti sìgá, ṣùgbọ́n ìwọ tó ò fa nǹkan kan tẹ́lẹ̀, sìgá kọ́ lo máa fi wé e, afẹ́fẹ́ lásán lo máa fi wé e. Ó ní ọdún 2003 ni Hon Lik, ará Ṣáínà kan, ṣe irú èyí tá a mọ̀ lónìí yìí, kò tíì pẹ́. Sìgá náà, wọ́n ti ń fà á kárí ayé tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé àwọn olùṣèwádìí méjì, Richard Doll àti Bradford Hill, fi hàn lọ́dún 1950 ní ìlú ọba pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó fa sìgá kó tó dìgbà yẹn ò rẹ́ni sọ fún un.

Nígbà tọ́rọ̀ dé orí igbó, ohùn wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Ondo mọ̀ pé igbó kì í ṣe àjèjì sí wa, àwọn ọmọ yìí sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi oje igbó sínú vape. Dókítà sọ ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 fún wọn, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tára wọn le ń ya wọ ọsibítù, tí wọn ò lè mí, kí oṣù kejì ọdún 2020 tó parí àwọn tí wọ́n dá dúró ní ọsibítù tàbí tó kú ti di 2,807, àwọn 68 nínú wọn ló kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti fa oje igbó, ọ̀pọ̀ sì rà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí níta, òróró kan tó ń jẹ́ vitamin E acetate tí wọ́n fi là á ló ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ṣíṣà, tábà tí wọ́n ń fi páìpù fà láti inú ìgò olómi, la fi parí ẹ̀, torí àwọn ọmọbìnrin kan ní omi tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Kò sẹ́ ẹ kúrò o. Wákàtí kan nídìí ṣíṣà, èéfín tó o máa fà lè tó ìlọ́po 100 sí 200 ti sìgá ẹyọ kan, èédú tó wà lórí ẹ̀ sì tún ń tú carbon monoxide jáde, èyí tó ń pa èèyàn nínú ilé tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí.

A kó ẹrù wa, a fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé mi dé ìdí kànga. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà." Mo dúró. Ó ń wo bàtà ẹ̀. Ó ní òun ò lè jókòó tán ní kíláàsì mathís, tó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí òun láìsí ẹni tó ṣẹ òun, orí á máa fọ́ òun, òun á tọrọ àyè láti lọ tọ̀, ilé ìtọ̀ lòún ti máa ń fà á. Lóru, òun máa ń jí wá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Mà, mo ti ju ọ̀kan dà nù sínú ṣáláńgá, mo tún lọ ra òmíì lọ́jọ́ kejì." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tó ń ṣe é lórúkọ, pé nikotíìnì máa ń dé ọpọlọ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún, á dùn mọ́ ọpọlọ, ọpọlọ á ní kó tún gbé e wá, ọpọlọ èèyàn sì ń dàgbà lọ títí di bí ọdún 25, ìdí nìyẹn tó fi máa ń di bárakú fún ọmọdé kíá ju àgbà lọ, tó sì ń dí i lọ́wọ́ láti fọkàn sí ìwé. Mo ní inú tó ń bí i yẹn, kì í ṣe ìwà ẹ̀, nikotíìnì ló ń pè é. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, tí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀ á máa rọlẹ̀, tí ìfẹ́ ẹ̀ bá dé, kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi máa kọjá, kó mu omi tútù, kó fi pákò sẹ́nu, kó rìn kúrò níbẹ̀. Mo ní kó wá bá mi ní ọsibítù ní Túsìdeè, kó mú ẹnì kan tó fọkàn tán dání. Ó ní ìyá àgbà òun ni. Mo ní ìyá àgbà dáa.

Mi ò dárúkọ ẹ̀ fún pirinsípà. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá vape lọ́wọ́ ẹ̀ ni, torí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lé e lọ sílé, mo ní mà, ẹ ro ó wò, ọmọ tí nǹkan ti di bárakú fún, tẹ́ ẹ lé e lọ sílé tí òbí ti lọ ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì, kí lẹ rò pé ó máa máa ṣe níbẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á bá àwọn tíṣà sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tá a ti dé ìdí mọ́tò ni ọmọbìnrin tó bèèrè ọ̀rọ̀ súìtì sáré wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹni tí ò fà á ńkọ́, ẹni tó kàn ń gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fà á. Mi ò fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún un. Mo ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 èèyàn lọ lọ́dún kan, nínú wọn, àwọn bíi mílíọ̀nù 1.6 ò fà á, èéfín ẹlòmíì ni. Ó ní àbúrò òun máa ń wú ikọ́ lóru. Ó wá tọ́ka sí ike yẹn lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé òun lè rí nínú òwú náà gbà, òun fẹ́ fi han bàbá òun.

Mo dúró, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Bàbá ni bàbá ń jẹ́, ọmọ kan ò ní lọ gbé òwú dúdú síwájú bàbá ẹ̀ kí bàbá má bínú. Mo tún rántí pé kò sẹ́nì kan nínú gbogbo àwa tí Bàbá Kékeré ń rán níṣẹ́ tó fi nǹkan kan hàn án rí. Mo ṣí ike náà, mo ya díẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì, mo dì í. Mo ní kó dúró di ìgbà tí bàbá bá jẹun tán, kó kúnlẹ̀ dáadáa, kó kọ́kọ́ sọ ti ikọ́ àbúrò ẹ̀, kó tó tú ọ̀rá náà.